Ọmọ ìbátan mi wà lọ́dọ̀ mi ní London: ṣé dandan ni kí káńsù mọ̀?

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Woolwich ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń gbé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí a jọ dàgbà n'Íbàdàn, lọ sílé láti tọ́jú ìyá rẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ó fi ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní òun máa lò. Ó ti di oṣù méjì báyìí, kò sì tíì mọ ọjọ́ tí òun máa padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ ọmọ náà pè mí, ó ní ṣé káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ọkọ mi ní bí a bá fi ẹsẹ̀ ara wa rìn lọ bá àwọn sóṣà, wọ́n á gba ọmọ náà, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ tiwa wò. Mò ń bọ́ ọ, mò ń wọ̀ ọ́ láṣọ, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kí ló kan ìjọba nínú ọ̀rọ̀ ẹbí?"

Ìdáhùn

Dandan ni, mà. Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Mo fi ìdáhùn ṣáájú àlàyé nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ka irú nǹkan báyìí dé ìdajì, tí wọ́n á ní ó di ọjọ́ míì, ọjọ́ míì yẹn ló sì ń di wàhálà síni lọ́rùn. Iṣẹ́ sóṣà wọ́kà, ẹni tó ń rí sí ààbò àwọn ọmọdé, ni mò ń ṣe nílùú London yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí wọn ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń bójú tó. Bí ẹ̀rù ṣe ń ba ọkọ yín, bẹ́ẹ̀ ló ń ba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ilé wa tí mò ń bá pàdé. Mi ò ní bú u. Àmọ́ ẹ̀rù yẹn gan-an ló ń sọ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan di arúfin.

Òfin tó kàn yín ni Children Act ti ọdún 1989, tí England àti Wales ń lò. Ó ní bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, tàbí 18 bó bá jẹ́ aláàbọ̀ ara, bá gbé fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀ tàbí ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, káńsù gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Private fostering ni wọ́n ń pè é. Ẹ ì báà gbowó, ẹ ì báà má gbowó, ọ̀kan náà ni. Òfin ọ̀hún sì dárúkọ àwọn tó kà sí ìbátan: bàbá àgbà àti ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọbàkan, ìbáà jẹ́ nípa ìgbéyàwó, àti ọkọ ìyá tàbí ìyàwó bàbá. Ibẹ̀ ló parí sí. Ìyá àgbà ọmọ yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá yín, torí náà ẹ̀yin fúnra yín kò sí nínú wọn. Àǹtí ló ń pè yín, òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀ náà n'Íbàdàn. Níwájú òfin ibí, ẹ̀yin àti aládùúgbò tó ń gbé òkè yín, dọ́gbadọ́gba ni.

Mo gbà pé ibi tí wọ́n fà á dé yìí kò bá ti wa mu. Ìyàwó àbúrò bàbá tí ọmọ kò rí rí láyé lè gbà á sílé lónìí láìsọ fẹ́nikẹ́ni, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n láti ìkókó sì gbọ́dọ̀ lọ wí. Bó ṣe wà nìyẹn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹjọ́ lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó di ọjọ́ 28 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ ń bọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, kó má kọjá wákàtí 48 lẹ́yìn tí ọmọ dé. Ẹni tí kò bá sì tíì sọ rárá, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin gbọ́dọ̀ sọ, ìyá ọmọ náà gbọ́dọ̀ sọ, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tó bá dákẹ́ láìní ìdí gidi lè san owó ìtanràn ní kọ́ọ̀tù. Láàrin wa, àwọn tí mo ti rí tí wọ́n fẹnu ara wọn wá sọ, bó tilẹ̀ pẹ́, ìbẹ̀wò ló ń tẹ̀lé e, kì í ṣe ẹjọ́.

Ní ti ohun tó kan ìjọba, òyìnbó pàápàá ti béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Láyé Ọbabìnrin Victoria, àwọn obìnrin kan wà ní London tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ìyá tí kò lọ́kọ pé àwọn á bá a tọ́jú ìkókó. Ebi àti oògùn oorun ni wọ́n fi ń pa àwọn ọmọ ọ̀hún. Wọ́n yẹgi fún ọ̀kan nínú wọn, Margaret Waters, ní 1870. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ilé aṣòfin ní kí ẹni tó bá ń gbowó tọ́jú ju ìkókó kan lọ máa forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1945, Dennis O'Neill, ọmọ ọdún 12, kú lóko kan ní Shropshire, lọ́wọ́ àwọn tí káńsù fúnra rẹ̀ fi í sí lọ́dọ̀. Òfin 1948 tẹ̀lé ìyẹn. Bí ẹ bá tọ ìtàn òfin yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òkú ọmọ kan ló ń ṣáájú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi kún un.

Àwa Yorùbá náà wà nínú ìtàn ọ̀hún dáadáa. Láti bí ọdún 1955 lọ, àwọn tó wá kàwé níbí, ẹni tó ń kọ́ òfin, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tó ń lọ kíláàsì lálẹ́, kò rí ilé tí onílé máa gba ọmọ sí. Wọ́n á polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tó máa gba ọmọ àwọn tọ́jú. Obìnrin òyìnbó kan ní Kent tàbí Sussex á fèsì, wọ́n á dá iye tí wọ́n á máa san lọ́sẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ fún un. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló gba ọ̀nà yẹn. Àwọn kan rí ìyá kejì níbẹ̀. Àwọn mìíràn rí ìyà, àwọn mìíràn sì padà sọ́dọ̀ òbí láìgbọ́ èdè kan náà pẹ̀lú wọn. Òfin 1958 ti ní kí irú àwọn alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀ sọ fún káńsù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò. Bí inú bàbá àgbàlagbà kan bá ń ru ní Peckham nígbà tó gbọ́ orúkọ sóṣà, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ọ̀rọ̀ tó mú kí òfin le tó báyìí ni ti Victoria Climbié. Ọmọ Abobo ni, lẹ́bàá Abidjan ní Côte d'Ivoire. Àǹtí bàbá rẹ̀, Marie-Thérèse Kouao, ló bẹ àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mú un lọ sí Yúróòpù kó lè kàwé. Wọ́n gbé e gba Faransé, wọ́n sì dé London ní oṣù kẹrin 1999 pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù ọmọ mìíràn. Anna ni gbogbo ẹni tó rí i níbí mọ̀ ọ́n sí. Kò wọ ilé ìwé kankan ní London. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn méjì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé etí àwọn sóṣà káńsù mẹ́rin, ó dé etí ọlọ́pàá. Ọjọ́ 25 oṣù kejì 2000 ló kú, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àpá ọgbẹ́ 128 sì ni dókítà kà lára rẹ̀. Àǹtí yẹn àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe jáde ní 2003 pẹ̀lú àbá 108, òfin 2004 sì fi agbára kún ọ̀rọ̀ private fostering: káńsù kò gbọdọ̀ jókòó máa retí kí èèyàn wá wí, ó gbọ́dọ̀ máa polongo rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yẹ ilé wò kí ọmọ tó débẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí pé àǹtí ni Victoria náà ń pe obìnrin yẹn.

Èkejì ni ti oṣù kẹsàn-án 2001, nígbà tí wọ́n rí ara ọmọdékùnrin kan nínú odò Thames. Ọlọ́pàá sọ ọ́ ní Adam, àyẹ̀wò egungun rẹ̀ sì tọ́ka sí Nàìjíríà. Bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tó jẹ́, wọ́n ní kí ilé ìwé ní London yẹ rẹ́jísítà wọn wò. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú 300, láti ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje, ló ti pòórá nínú rẹ́jísítà láàrin oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn nìkan; 299 nínú wọn wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. Méjì péré ni ọlọ́pàá rí tọ ipa wọn. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn nílé, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀bà wọn lálàáfíà. Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi pè yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe pé ó ń wá ẹ̀sùn sí yín lẹ́sẹ̀.

Ó yá, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá pè? Láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje, sóṣà wọ́kà kan á wá sílé yín. Á wo ibi tí ọmọ ń sùn: ṣé bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ni, àbí orí àga pálọ̀ ni, ta ni wọ́n jọ wà ní yàrá. Á wo bóyá ẹ̀rọ tó ń han bí iná bá ń jó wà lókè àjà. Á bá ẹ̀yin sọ̀rọ̀, á bá ọkọ yín sọ̀rọ̀, á bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀. Á pe ìyá ọmọ náà n'Íbàdàn lórí fóònù láti mọ̀ pé òun ló fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti lé lọ́dún 16 nínú ilé ni wọ́n sábà máa ń ṣe àyẹ̀wò DBS fún, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dá ọ̀ràn rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa wá ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà fún ọdún àkọ́kọ́, kó tó wá di ọ̀sẹ̀ méjìlá-méjìlá. Wọ́n á tún bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lóun nìkan, ibi tí ara máa ń ta àwọn èèyàn wa sí jù nìyẹn. Ohun tí mo sábà máa ń béèrè kò le: ta ló ń di irun rẹ? Oúnjẹ wo lo fẹ́ràn, ìgbà wo lo jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn? Bí o bá da omi sílẹ̀, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Ìgbà wo lo bá mọ́mì sọ̀rọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Mo ti jókòó ti ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé kó máa pe àǹtí ní mọ́mì. Mo bi í lórúkọ ìyá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ojú obìnrin náà, ó tún wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá dárúkọ tó tọ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó jalè. Kò sí ìyà kankan nínú ilé yẹn. Oúnjẹ wà, aṣọ wà, ìwé wà. Irọ́ kékeré tí àgbàlagbà fi sí i lẹ́nu ló fa àyẹ̀wò oṣù mélòó kan. Ọ̀rọ̀ ẹgba náà, kí n sọ ọ́ kí ó tán: Scotland ti fòfin de kí òbí máa na ọmọ láti 2020, Wales ṣe tirẹ̀ ní 2022. England ṣì ń jẹ́ kí òbí fi "ìbáwí tó mọ níwọ̀n" gbèjà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í ṣe tiyín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá bi yín bí ẹ ṣe ń bá a wí, kí ẹ ní ìdáhùn tí kò ní pàṣán nínú.

Ní ti pé wọ́n á gba ọmọ. Káńsù kò ní agbára láti wọlé wá gbé ọmọ lọ torí pé ẹ kò tètè wí. Bí ẹni tó ni ọmọ kò bá fọwọ́ sí i, ọlọ́pàá lè mú un sábẹ́ ààbò fún wákàtí 72 bí wọ́n bá rí ewu ńlá. Adájọ́ lè fún wọn ní àṣẹ pàjáwìrì tí kì í kọ́kọ́ ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ fi ẹ̀rí hàn ní kọ́ọ̀tù ẹbí pé ọmọ ń jìyà tó burú tàbí pé ìyà bẹ́ẹ̀ ń bọ̀. Ohun mìíràn wà tí káńsù fúnra rẹ̀ lè ṣe: ó lè sọ pé ilé yín tàbí ẹnì kan nínú rẹ̀ kò yẹ fún gbígba ọmọ tọ́. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ìkà sí ọmọdé rí, tàbí tí kọ́ọ̀tù ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kò gbọdọ̀ gba ọmọ ọlọ́mọ sọ́dọ̀ láìjẹ́ pé káńsù fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí, ẹ sì ní ọjọ́ 14 láti gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Wọ́n tún lè gbé ìwé síwájú ìyá ọmọ náà pé kó fọwọ́ sí i kí káńsù gbà á sọ́dọ̀ fúngbà díẹ̀. Kó má fọwọ́ sí i kí lọ́yà tó kà á. Àwọn ọmọ tiyín ńkọ́? Wọ́n á bá wọn sọ̀rọ̀ torí pé inú ilé kan náà ni wọ́n wà. Bí kò bá sí ohun tó ń dà wọ́n láàmú, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ wá níbẹ̀.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ wa mọ́ tónítóní. Sóṣà wọ́kà máa ń yí padà lemọ́lemọ́. Ẹni tó wá lóṣù yìí lè má jẹ́ ẹni tó máa wá lóṣù tó ń bọ̀, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà tí káńsù ń kọ le bí lẹ́tà onígbèsè. Àwọn kan kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹbí wa àti òwò ọmọ. Nítorí náà, ẹ gba orúkọ ẹni tó bá wá, ẹ gba ìmeèlì rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó wá sínú ìwé. Ofsted ló ń ṣàyẹ̀wò àwọn káńsù fúnra wọn, wọ́n sì máa ń béèrè bí àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ private fostering ṣe ń rí. Bí wọn kò bá wá lásìkò, ẹ lè fi ìwé fẹjọ́ sùn.

Ìwé tí ẹ nílò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lónìí kò pọ̀: lẹ́tà tó fọwọ́ sí, tó sọ pé òun fi ọmọ náà sọ́dọ̀ yín, láti ọjọ́ wo, àti ohun tí ẹ lè dá ṣe, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ náà, orúkọ GP (dókítà) ọmọ náà, nọ́ńbà tí wọ́n fi lè bá ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn. Ẹ̀tọ́ òbí ṣì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ lè gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ibà bá mú un, ṣùgbọ́n bó bá kan iṣẹ́ abẹ tí kò yá kánkán, tàbí pé ẹ fẹ́ mú un rìnrìn àjò kúrò ní Bìrìtìkó, ẹni tó ni ọmọ ló ń fọwọ́ sí i. Ẹ kò sì dárúkọ bàbá rẹ̀ rárá nínú lẹ́tà yín. Níwọ̀n bí wọ́n ti bí ọmọ náà lẹ́yìn 2003, bí orúkọ bàbá bá wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí tí wọ́n ṣe níbí, òun náà ní ẹ̀tọ́ òbí, ì báà má fẹ́ ìyá rẹ̀. Sóṣà wọ́kà máa béèrè rẹ̀, torí náà ẹ béèrè ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ owó: káńsù kì í san owó fún private fostering bó ṣe ń san fún àwọn alágbàtọ́ tó gbà síṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló yẹ kó máa gbọ́ bùkátà rẹ̀. Child Benefit tó ń gbà, ìyẹn owó ìjọba fún títọ́ ọmọ, kò ní máa wọlé títí tó bá pẹ́ ní Nàìjíríà. Kó sọ fún HMRC, àwọn agbowó-orí ìjọba. Ẹ̀yin lè béèrè fún un bí ìwé ìgbélùú yín bá gbà yín láyè. Bó bá wà lórí físà yín pé ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìjọba, ẹ má béèrè kí ẹ tó rí lọ́yà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ físà bá kan ọmọ fúnra rẹ̀, kó rí lọ́yà náà, ṣùgbọ́n kó má torí ẹ̀ fi ọmọ pamọ́ láìlọ sí ilé ìwé.

Bó bá wá di pé ìyá rẹ̀ kò ní tètè padà, kọ́ọ̀tù lè fún yín ní child arrangements order (àṣẹ lórí ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ á máa gbé) tàbí special guardianship (àṣẹ tó sọ yín di alágbàtọ́ rẹ̀ títí á fi dàgbà), ẹ ó wá ní ẹ̀tọ́ òbí pẹ̀lú rẹ̀, ìbẹ̀wò private fostering á sì dópin. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń gba ara wọn níyànjú pé káwọn gba ìwé adopt nílé, kí ọmọ di tiwọn lábẹ́ òfin, kó rọrùn. Kò rọrùn. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Hague ti 1993 lórí gbígba ọmọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, láti 2021 sì ni ìjọba ibí ti dí ọ̀nà gbígba ọmọ wá láti Nàìjíríà nípa adoption, àfi ẹni tó bá ní ìdí tó yàtọ̀ gédégédé.

Káńsù tiyín ni Royal Borough of Greenwich. Ẹ pe ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹ ní ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa private fostering: orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín, ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ dá, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ pe olùkọ́ yẹn padà, ẹ ní ẹ ti wí. Kí ìyá ọmọ náà fi ìmeèlì tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà. Kí ọkọ yín sì tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, torí wọ́n gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá bá a nílé, wọ́n á tún dá ọjọ́ míì.